Bí ẹlẹ́rìí ṣe lè tọ́jú ohun tí ó ṣojú rẹ̀, láti ibi ìṣẹ̀lẹ̀ títí dé inú àpótí ẹlẹ́rìí

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ ní ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, mo sì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́rìí tí n kò lè ka iye wọn mọ́. Àwọn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ wà nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni ó ń já mi láyà jù. Ẹni tí ó ń já mi láyà ni ẹni tí ó fi tọkàntọkàn búra, tí ó sọ gbogbo ohun tí ó gbàgbọ́ pé ó ṣojú òun kòró, tí ó sì ti ṣìnà láìmọ̀. Òpùrọ́ mọ ibi tí irọ́ rẹ̀ wà, agbẹjọ́rò tí ó mọṣẹ́ lè fi ìbéèrè lé e débẹ̀. Ẹni tí ó ṣìnà láìmọ̀ kò ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Ohùn rẹ̀ kì í gbọ̀n, ojú rẹ̀ kì í yẹ̀, gbogbo ilé ẹjọ́ a sì máa gbà á gbọ́.

Ohun tí ó wà nínú ewu kò kéré. Abala 200 nínú Òfin Ẹ̀rí ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2011 sọ pé kò sí iye ẹlẹ́rìí kan pàtó tí a gbọ́dọ̀ pè kí ọ̀rọ̀ tó lè fìdí múlẹ̀. Bí a bá yọ àwọn ẹ̀sùn díẹ̀ sílẹ̀, bíi ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba àti ìbúra èké, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo lè tó láti dá olùjẹ́jọ́ lẹ́bi tí adájọ́ bá ti gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdájọ́ ikú ni ó ń dúró de ẹni tí a bá dá lẹ́bi ìdigunjalè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tí nǹkan bá ṣojú rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ojú rí kì í dúró sínú ọpọlọ bí fọ́tò inú àpótí. Ó dà bí ẹran tútù tí a rà lọ́jà: bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, bí ọwọ́ tí ó ń kàn án bá sì ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe tètè bàjẹ́ tó.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ bí ẹ ṣe rí ohun tí ẹ rí

Bí ọ̀ràn bá ń ṣẹlẹ̀ níwájú yín, ẹ̀mí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Kò sí òfin tí ó ní kí ẹ tẹjú mọ́ adigunjalè. Ṣùgbọ́n ní kété tí ara bá ti balẹ̀ díẹ̀, ẹ bi ara yín ní àwọn ìbéèrè tí ilé ẹjọ́ yóò bi yín lẹ́yìn ọ̀la. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó to irú àwọn ìbéèrè yìí sílẹ̀ ní ọdún 1976 nínú ẹjọ́ Turnbull, nítorí pé àṣìṣe ẹlẹ́rìí ti sọ aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà náà sì máa ń tọ irú ọ̀nà kan náà. Báwo ni ó ti pẹ́ tó tí ẹ fi rí ẹni náà? Báwo ni ó ṣe jìnnà sí yín tó? Irú ìmọ́lẹ̀ wo ni ó wà? Ǹjẹ́ ògiri, ọkọ̀ tàbí èrò dí yín lójú? Ṣé ẹ ti rí i rí, níbo sì ni? Kí ni ó mú kí ìrísí rẹ̀ dúró lọ́kàn yín? Ọjọ́ mélòó ni ó wà láàárín ìgbà tí ẹ rí i àti ìgbà tí ẹ tọ́ka sí i fún ọlọ́pàá? Ǹjẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bá bí ó ṣe rí gan-an mu?

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ba ẹ̀rí jẹ́ jù nínú ẹjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ lóru. Kò tó láti sọ pé iná wà. Gílóòbù ta ni ó ń tàn, níbo ni wọ́n so ó kọ́, ta ni ó kọ ojú sí i, ta ni ó kọ ẹ̀yìn sí i? Tọ́ọ̀ṣì tí adigunjalè tàn sí yín lójú, òun ni ó ń ràn lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tí iná wà lójú rẹ̀ kì í rí ojú ẹni tí ó mú iná dání. Ó ti ṣẹlẹ̀ níwájú mi pé ẹlẹ́rìí ṣàpèjúwe ojú ọkùnrin kan láti orí dé àgbọ̀n, àfi ìgbà tí ìbéèrè kan ṣoṣo fi hàn pé tọ́ọ̀ṣì ọkùnrin náà nìkan ni iná tí ó wà nínú yàrá náà.

Ẹ̀rù a máa fa àkókò gùn. Ohun tí ó gba ìṣẹ́jú kan a máa dà bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹni tí wọ́n dojú ìbọn kọ. Ẹ má ṣe méfò nọ́ńbà. Ẹ fi í wé ohun tí ẹ mọ̀ dáadáa. Ṣé ó tó àkókò tí a fi ń ka Àdúrà Olúwa tàbí Fátíhà tán lẹ́ẹ̀kan, àbí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bákan náà ni kí ẹ fi òpó iná tàbí iye ilé wọn jíjìnnà bí ẹ kò bá mọ mítà. Ẹ sì rántí pé ohun ìjà a máa gba ojú mọ́ni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè sọ bí ẹnu ìbọn náà ṣe rí, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ bóyá ẹni tí ó mú un dání ní irùngbọ̀n. Kò sí ìtìjú nínú kí ẹ sọ pé ìbọn ni ẹ ń wò. Ìtìjú wà nínú kí ẹ wá irùngbọ̀n kan fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ròyìn rẹ̀

Kí àwọn abánikẹ́dùn tó kún ilé, ẹ wá ìwé. Bí ẹ kò bá lè kọ̀wé, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù yín ní Yorùbá, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé gan-an. Mo máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ohun tí mo fi ojú ara mi rí, ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́, àti ohun tí mo rò tàbí tí ẹlòmíràn sọ fún mi. Abala 126 Òfin Ẹ̀rí dá lé ìyàtọ̀ yìí gan-an: bí ó bá jẹ́ nǹkan tí a rí ni, ẹni tí ó rí i ni kí ó sọ ọ́, bí ó bá jẹ́ nǹkan tí a gbọ́ ni, ẹni tí ó gbọ́ ọ ni. Èdè wa náà mọ ìyàtọ̀ náà. “Mo gbọ́ pé ó ní òun yóò pa á” àti “Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tí ó ní òun yóò pa á” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ẹni tí ó bá sì ń fi èkíní rọ́pò èkejì ń gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ ya àwòrán ibẹ̀, kódà bí kò bá dára: ibi tí ẹ dúró sí, ibi tí ilẹ̀kùn wà, ibi tí wọ́n gbà sá lọ. Ẹ wo fóònù yín láti mọ ìpè tí ẹ gbà ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ náà àti èyí tí ẹ pè lẹ́yìn rẹ̀, nítorí aago inú fóònù a máa tọ̀nà ju ti ọkàn lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń kírun Alásárì ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá mọ ẹni tí ó ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá. Nínú ẹjọ́ Bozin ní ọdún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà kìlọ̀ pé bí ẹlẹ́rìí kò bá dárúkọ ẹni tí ó mọ̀ ní àǹfààní àkọ́kọ́ tí ó ní, adájọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó tó gba orúkọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lẹ́yìn náà, àyàfi bí ó bá ní àlàyé tí ó mọ́gbọ́n dání. Bí ẹ̀rù bá ni ó pa yín lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì sọ ohun tí ó fa ẹ̀rù náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣọ́ etí yín

Ní ọdún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer ní Amẹ́ríkà fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn kan pé báwo ni eré àwọn ọkọ̀ náà ti tó nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bi àwọn mìíràn le ju èyí lọ, ó jọ ìgbà tí a bá ní wọ́n fọ́ ara wọn yángá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì fífọ́. Kò sí gíláàsì fífọ́ kankan nínú fíìmù náà. Nínú 50 tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ líle, 16 ni ó ní àwọn rí i. Nínú 50 tí wọ́n gbọ́ èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, 7 ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìbéèrè ni ó gbin gíláàsì sí wọn lọ́kàn, kò sì sí èyí tí ó mọ̀ pé wọ́n gbin nǹkan sí òun lọ́kàn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nínú àgbàlá wa lẹ́yìn ìdigunjalè. Gbogbo ayálégbé yóò péjọ. Ẹnì kan yóò ní ọ̀kan nínú wọn jọ ọmọ tí ń tún ọ̀kadà ṣe níwájú ọjà. Ẹlòmíràn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà fura. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni mẹ́rin tí kò rí ju ẹ̀yìn àti gìgísẹ̀ lọ yóò ti ní ojú kan náà lọ́kàn. Ìtàn wọn yóò bára mu, àwọn ènìyàn yóò sì rò pé bíbára mu náà ni ẹ̀rí òtítọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé orísun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti pọn omi. Ibẹ̀ náà ni ariwo “olè!” ti máa ń di táyà àti epo bẹntiróòlù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni lágbo nítorí pé ó jọ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá tíì sọ tiyín fún ọlọ́pàá, ẹ má ṣe gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ kúrò nínú àkójọ WhatsApp tí wọ́n ti ń pín fọ́tò afurasí. Bí wọ́n bá ń fi àwọn afurasí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de kí ọlọ́pàá máa tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn láti ọdún 2021, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí pé ẹlẹ́rìí tí ó ti rí ojú ẹnì kan nínú ìròyìn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ kò lè mọ̀ mọ́ bóyá orí tẹlifíṣọ̀n ni òun ti mọ̀ ọ́n tàbí ibi ìṣẹ̀lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọ̀rọ̀ yín ní àgọ́ ọlọ́pàá, àti èdè tí wọ́n fi kọ ọ́

Níbí ni mo fẹ́ dúró sí jù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí àbùkù tí ó pọ̀ jù, tí àwọn ènìyàn kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ń sọ Yorùbá, ọlọ́pàá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹlẹ́rìí tẹ̀ka síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, agbẹjọ́rò yóò na Gẹ̀ẹ́sì náà sí i bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ni ó ti jáde. Abala 232 Òfin Ẹ̀rí fún un láyè láti fi ohun tí ẹlẹ́rìí ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ta ko ohun tí ó ń sọ lónìí.

Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá jẹ́rìí nípa bí onílé ṣe lu ayálégbé kan. Ọmọlúwàbí ni, àgbàlagbà sì ni onílé náà, nítorí náà ó sọ pé, “Wọ́n mú igi, wọ́n sì fi nà án.” Ọlọ́pàá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ènìyàn púpọ̀ ni ó mú igi. Nígbà tí ó dé ilé ẹjọ́ tí ó ní onílé nìkan ni, agbẹjọ́rò pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Òógùn bò ó. Ó wò mí, n kò sì lè sọ ohunkóhun, nítorí iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe láti gba ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí ó fi fún àgbà ni ó sọ ẹnì kan di agbo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tí ó bá bi mí pé kí ó sọ iye ènìyàn, kí ó sì sọ orúkọ tàbí ipò wọn: “onílé nìkan, ẹnì kan ṣoṣo.” Ọ̀wọ̀ kò ní kúrò níbẹ̀ nítorí pé ẹ ka ènìyàn.

“Ó” náà ní ewu tirẹ̀, torí pé kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹni tí ó ń túmọ̀ yóò fi èyí tí ó bá wá sí i lọ́kàn síbẹ̀. Àwọ̀ ńkọ́? “Dúdú” lè jẹ́ ti èédú, ó lè jẹ́ ti aró, ẹlòmíràn a sì máa pe ewé tí ó ṣókùnkùn ní dúdú. “Pupa” lè jẹ́ ata, ó lè jẹ́ epo, ó sì lè jẹ́ ẹni tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé ọkùnrin pupa kan wọ ẹ̀wù dúdú, ẹ fi í wé nǹkan tí ọlọ́pàá lè rí, kódà bí ó jẹ́ tábìlì rẹ̀ ni ẹ tọ́ka sí.

Ọjọ́ ni ó tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwa a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìjẹta ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ni Gẹ̀ẹ́sì yóò kà sẹ́yìn. “Òní ọjọ́ mẹ́jọ” jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gééré, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ kan péré lè fi hàn pé olùjẹ́jọ́ wà ní ìlú mìíràn nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ orúkọ ọjọ́ náà, ẹ sì sọ déètì rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: ẹni tí ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n yín lè máà bá yín tan rárá, agbẹjọ́rò sì lè sọ pé nítorí pé ẹbí yín ni ẹ ṣe ń gbè é lẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ bèèrè pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yín ní Yorùbá bí ẹ ṣe sọ ọ́, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ sórí ìwé mìíràn. Bí ẹ bá lè kọ ọ́ fúnra yín, ẹ kọ ọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ni wọ́n kọ, ẹ má tẹ̀ka síbẹ̀ títí wọn yóò fi kà á padà sí yín létí ní Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níwájú ẹni tí ẹ fọkàn tán bí ó bá ṣeé ṣe. Ibi tí ó bá yàtọ̀, kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹ sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe náà. Wọ́n lè sọ pé ẹ ń dá àwọn dúró. Ẹ fi sùúrù dá wọn dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ tọ́ka sí ẹni tí ó ṣe é

Nínú ẹjọ́ Ikemson ní ọdún 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣàlàyé ìgbà tí ó yẹ kí ọlọ́pàá to ènìyàn sórí ìlà kí ẹlẹ́rìí lè yan ẹni tí ó rí: nígbà tí ẹlẹ́rìí kò mọ afurasí náà rí, tí ó sì jẹ́ pé fìrífìrí ni ó rí i, tàbí tí àyíká ibẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè wò ó dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, kò pọn dandan.

Bí wọ́n bá pè yín sí àgọ́ kan tí ẹ bá ọkùnrin kan lórí ìjókòó tí kò wọ bàtà, tí ọlọ́pàá sì bi yín pé, “Ṣé òun nìyí?”, ìyẹn kì í ṣe ìdánimọ̀. Wọ́n ti sọ ìdáhùn náà fún yín. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n to àwọn tí ọjọ́ orí, gíga àti àwọ̀ wọn jọra pọ̀ mọ́ ọn. Ó sàn kí ọlọ́pàá tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí kò mọ èwo ni afurasí nínú wọn, torí pé ojú àti ìmí ẹ̀dùn a máa sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó wo ìlà náà, ẹ sọ fún ọkàn yín pé ó ṣeé ṣe kí ẹni náà má sí níbẹ̀ rárá, nítorí bí a kò bá ní èrò yìí, ẹni tí ó jọ ọ́ jù nínú ìlà ni ojú yóò mú.

Ẹjọ́ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Burlington ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí n kò gbàgbé. Ní ọdún 1984, ọkùnrin kan wọlé tọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Jennifer Thompson, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ tẹjú mọ́ ojú rẹ̀, ó ní bí òun bá yè é, òun yóò rí i pé wọ́n mú un. Láti inú fọ́tò, ó yan Ronald Cotton. Nígbà tí wọ́n to àwọn ọkùnrin síwájú rẹ̀, Cotton nìkan ni ó wà nínú fọ́tò tí ó tún wà lórí ìlà. Ó tún yàn án, àwọn ọlọ́pàá sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹni tí ó yàn tẹ́lẹ̀ náà ni. Láti ìgbà náà, iyèméjì tí ó kù tán. Ní ọdún 1987, wọ́n mú ẹni tí ó ṣe é gan-an, Bobby Poole, wá síwájú rẹ̀ nínú ilé ẹjọ́, ó sì ní òun kò rí i rí. Cotton lo ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá lẹ́wọ̀n kí àyẹ̀wò DNA tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1995. Obìnrin náà kò purọ́ lọ́jọ́ kankan. Ojú Cotton ni wọ́n fi rọ́pò ojú Poole lọ́kàn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dá a lójú sí i.

Nítorí náà, ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá tọ́ka sí ẹnì kan, kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, ẹ sọ bí ó ṣe dá yín lójú tó, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Òun ni, n kò ṣiyèméjì” yàtọ̀ sí “Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ kò rí báyìí.” Ìdánilójú ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni ó níye lórí, èyí tí ẹ bá gbé wá sí ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lè jẹ́ èyí tí ìyìn àti àtúnsọ ti bọ́. Ẹ má bèèrè bóyá ẹ yàn án bó ṣe yẹ, bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ fún yín, ẹ ní kí wọ́n má sọ ọ́.

Bí ọmọdé bá ni ó rí i, kí àwọn òbí má ṣe jókòó tì í ní alaalẹ́ kí wọ́n máa bi í. Ìbéèrè tí a tún bi ọmọ lẹ́ẹ̀mejì a máa mú un rò pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kò tẹ́ àgbà lọ́rùn, a sì yí i padà. Ẹ jẹ́ kí ó ròyìn fúnra rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Lábẹ́ abala 209, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra, ilé ẹjọ́ kò sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìsí ẹ̀rí mìíràn tí ó tì í lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwọn ọdún ìdúró

Ẹjọ́ wa kì í tètè bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ síbi tí ọrinrin kò lè dé, ẹ má sì ṣe fi nǹkan kún un. Bí ẹ bá rántí nǹkan tuntun, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé mìíràn pẹ̀lú déètì ọjọ́ tí ẹ rántí rẹ̀ àti ohun tí ó rán yín létí. Abala 239 gba ẹlẹ́rìí láyè láti wo ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ nígbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, tàbí láìpẹ́ sígbà náà, kí ó lè rántí. Agbẹjọ́rò alátakò yóò ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé náà, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí ohun tí ẹ ń tijú rẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Nínú àpótí ẹlẹ́rìí

Onígbàgbọ́ yóò fi Bíbélì búra, Mùsùlùmí yóò fi Kùránì, oníṣẹ̀ṣe yóò fi irin Ògún. Ẹ yan èyí tí ó dè yín lọ́kàn ní tòótọ́. Ẹ sọ Yorùbá bí Yorùbá bá ni ẹ fi ń ronú. Mo ti rí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò gbọ́ dáadáa sọ ara wọn di òpùrọ́ nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti lo ògbufọ̀.

Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bi yín ní ìbéèrè tí ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ èyí tí ó bá ní “kò” nínú. Bí ó bá ní, “Ẹ kò rí ojú rẹ̀, àbí?”, tí ẹ sì dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni,” ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá ni pé ẹ kò rí i. Bí ìdáhùn yín bá dé inú ìwé adájọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìṣọ́ra, ó lè di pé ẹ rí i. Ẹ dáhùn ní gbólóhùn kíkún: “N kò rí ojú rẹ̀.” “Mo rí ojú rẹ̀.” Ẹ má mi orí, torí pé orí mímì kì í wọ inú ìwé.

“N kò mọ̀” àti “N kò rántí” jẹ́ ìdáhùn pípé lábẹ́ ìbúra. Bí ẹ bá fẹ́ sọ jíjìnnà, ẹ lo yàrá ilé ẹjọ́ náà: “láti ibi tí mo dúró sí yìí títí dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn.” Ẹ má sì ṣe bẹ̀rù ìyàtọ̀ kékeré láàárín ẹ̀rí yín àti ti ẹlòmíràn. Nínú ẹjọ́ Gabriel ní ọdún 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi hàn pé ìtakora jẹ́ kí ẹnì kan sọ òdì kejì ohun tí èkejì sọ, ó sì yàtọ̀ sí kí ọ̀kan sọ díẹ̀ ju èkejì lọ. Ìtakora lórí kókó ọ̀rọ̀ ni ó ń ba ẹjọ́ jẹ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Onubogu ní ọdún 1974 ni wọ́n ti sọ pé adájọ́ kò lè kàn ṣa èyí tí ó wù ú nínú ẹlẹ́rìí olùpẹjọ́ méjì tí ọ̀rọ̀ wọn ta kora láìsí àlàyé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó gbogbo ẹlẹ́rìí jọ sínú ọkọ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ kí ẹ lè “fẹnu kò.” Ohun tí àwọn ènìyàn pè ní ìmúrasílẹ̀ yìí ni ó ń ba ẹ̀rí òtítọ́ jẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí iyèméjì bá dé lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀rọ̀

Ó máa ń dé. Ẹnì kan yóò rí ọkùnrin mìíràn ní garéèjì tí ojú rẹ̀ jọ ti ọjọ́ náà, oorun yóò sì dá lójú rẹ̀. Ẹ̀rù tí ó máa ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́ ni ẹ̀wọ̀n ìbúra èké, tí ó tó ọdún 14 nínú òfin ìwà ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà, tí ó sì lè di ẹ̀wọ̀n gbére bí ó bá jẹ́ pé torí kí wọ́n lè dá ẹnì kan lẹ́bi ọ̀ràn ikú ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa ni òfin yìí wà fún. Ẹni tí ó gbà gbọ́ lọ́jọ́ náà pé òtítọ́ ni, tí ó sì padà wá sọ pé òun ti ń ṣiyèméjì, kò búra èké.

Ẹ kọ ohun tí ó yí yín lọ́kàn padà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà. Ẹ má ṣe lọ bá ẹbí olùjẹ́jọ́, nítorí wọn yóò sọ pé owó ni wọ́n fún yín. Ẹ mú un lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì olùdarí ìpẹjọ́ ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ yín, kódà bí wọ́n bá ti dá ẹjọ́ náà. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá gbà á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó gbà á sórí rẹ̀.